Sí Bímpé, Nítorí Ọ̀rọ̀ “Ọ̀pọ̀ Ni”

Fondren Southwest,
Houston.
Ọjọ́rú, lẹ́yìn iṣẹ́.

Àjọkẹ́ mi, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń wú yẹn ti lọ sílẹ̀ díẹ̀? Jọ̀wọ́, bí o bá ti dé láti ibi iṣẹ́, gbé e lé orí ìrọ̀rí kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Má gbé agbọ̀n aṣọ fífọ̀ o. Déjì ní ọwọ́ méjì, kí ó gbé e. Mo mọ̀ pé o ti ń mí kanlẹ̀ báyìí, o ti ń sọ lọ́kàn rẹ pé, “Mọ́mì ti tún bẹ̀rẹ̀.” Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti tún bẹ̀rẹ̀. Ìwọ náà máa bí tìrẹ láìpẹ́, a ó sì jọ máa wo bí o ṣe fẹ́ dáwọ́ tìrẹ dúró.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé mo jókòó kọ lẹ́tà nígbà tí tẹlifóònù wà, tí Humble tí ẹ ń gbé kò sì jìnnà ju kí n gun freeway, títì márosẹ̀ yẹn, lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ara ògiri kíṣìnì ni tẹlifóònù yín wà, inú kíṣìnì yẹn náà sì ni ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń jókòó sí. Lẹ́yìn èyí, bí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, o máa ń dá mi lóhùn kí n tó sọ ọ́ tán. Lẹ́tà kò ṣeé já lu. Dádì rẹ ní kí n má dá sí i, pé ọ̀rọ̀ ìyàwó àti ìyá ọkọ máa ń tán fúnra rẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa wo bọ́ọ̀lù wọn lọ. O ti parí pràìmárì ní Iléṣà kí a tó kó wá sí ìlú yìí, nítorí náà má sọ fún mi pé o kò lè ka Yorùbá. Jókòó, kà á tán kí o tó bínú.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí. Ìyá ọkọ rẹ fẹ́ pa dà sí Abẹ́òkúta. Wọ́n ti sọ fún Déjì pé ní Sátidé yìí, kí ó lọ bá àwọn yí tíkẹ́ẹ̀tì àwọn pa dà. Oyún rẹ sì ti gbó. Ẹni tí wọ́n torí ọmọ wíwẹ̀ gbé wá láti ilé fẹ́ lọ kí ọmọ tó dé! Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Ajé, ohun tí o sọ ni pé, “Mọ́mì, nítorí kóòtù lásán tí mo rà fún wọn! Nítorí mo sọ pé kóòtù ò wọ́n! Bí wọ́n bá fẹ́ lọ, kí wọ́n máa lọ.” Mo gbọ́ ọ. Mi ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà nítorí pé ohùn rẹ ti ń gbọ̀n, mi ò sì fẹ́ kí o sunkún nínú ipò tí o wà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu mi mọ́.

Lánàá, Déjì gbé ìyá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, a sì wà pọ̀ títí ó fi pa dà wá mú wọn. Mo máa sọ ohun tí wọ́n sọ fún ọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọ̀rọ̀ “ọ̀pọ̀ ni” yìí, nítorí pé bí mo bá sáré sọ tọ̀hún, o máa kàn lọ tọrọ àforíjì lórí ohun tí kì í ṣe òun ni ẹ̀ṣẹ̀, wàhálà á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ìwọ àti ọ̀pọ̀, ọ̀rẹ́ ni yín láti kékeré. Mo mọ̀ pé ọwọ́ mi lo ti kọ́ ọ. Ṣé o rántí bí a ṣe máa ń tẹ́ ìwé ìròyìn ọjọ́ Sunday sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, tí ìwọ àti Kúnlé á máa fi sísọ́ọ̀sì gé kúpọ́ọ̀nù, tí ẹ ó máa jà lórí èyí tó jẹ́ ti bísíkíìtì? (Kúnlé kò tíì pè mí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí o bá gbọ́ ohùn rẹ̀, sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé.) Ayọ̀ ni nígbà náà. Ìlú tí a bá ara wa sì nìyí, ìlú tó jẹ́ pé bí o bá yin aṣọ ọrùn ẹnìkan, kò ní sọ pé o ṣeun, á ní, “Sọ ọ́ wò, èló lo rò pé mo rà á?” Kí o tó lanu, á ti sọ fún ọ bí owó rẹ̀ ṣe kéré tó, á sì máa dunnú bí ẹni tó gba ẹ̀bùn ní ilé ìwé. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí àwọn òyìnbó ti ń ta bọ́síkọ̀rọ̀ tiwọn, aṣọ àlòkù, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn láti àárọ̀ dalẹ́. Mi ò bá wọn wí. Àṣà wọn ni, ó sì dùn ún wò.

Àwa kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá kí wa kú aṣọ, a máa ń ní, “Ẹ ṣeun, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi,” ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í dá ọ̀rọ̀ iye owó sí i.

Èmi náà ṣe àṣìṣe tèmi nígbà tí a kọ́kọ́ dé. Ṣé o rántí ìkòkò tí mo fẹ́ rà ní mall? Ìkòkò náà dára, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, bí gbogbo oníbàárà ṣe máa ń bú abọ́ tí àǹtí mi ń tà ní Iléṣà. Mo sọ fún ọmọbìnrin tó wà nídìí owó pé ìdí rẹ̀ fẹ́lẹ́, pé ọmọrí rẹ̀ ń mì, pé mo ti rí èyí tó sàn jù ú lọ níbòmíràn. Mò ń retí kí ó ní, “Ẹ wá, Mà, ẹ jẹ́ kí n dín in fún yín.” Ọmọ náà yí ìkòkò síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó bẹ̀ mí pé kí n má bínú, ó sì gbé e sábẹ́ tábìlì pé àwọn á dá a pa dà fún àwọn tó ṣe é. Mo ní, “Rárá o, mo fẹ́ rà á!” Ó ní, “Màdáámù, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kò dára ni.” Ìwọ ń fa ìró mi láti ẹ̀yìn, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká lọ, gbogbo èèyàn ló ń wò wá.” A lọ. Títí di òní, mi ò rí irú ìkòkò yẹn mọ́.

Ti Darlene ni mi ò tíì sọ fún ọ rí. Darlene ni òyìnbó tí a jọ ń to aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tó máa ń pè mí ní “honey”. Nígbà tó ń ṣe ọjọ́ ìbí, mo ronú ohun tí mo lè fún un, mo sì mú ọ̀kan nínú àdìrẹ tí ìyá mi fúnra wọn rẹ, tí wọ́n dì fún mi nígbà tí mò ń bọ̀ wá sí Amẹ́ríkà. Mo nà án sí i, mo ní, “Má bínú o, nǹkan kékeré lásán ni, kò tó nǹkan.” Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ló wà nínú mi. Ó ní òun dúpẹ́. Nígbà tó yá, mo lọ kí i nílé, mo sì rí ajá rẹ̀ tó sùn gbalaja sórí àdìrẹ ìyá mi. Mo wo ajá, ajá wò mí. Darlene ní, “Ó fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀!” Mo ní mo dúpẹ́.

Rò ó wò, Bímpé. Darlene kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tí mo sọ nípa aṣọ náà ló gbà gbọ́. Kò mọ̀ pé bí èmi bá rẹ ẹ̀bùn mi sílẹ̀, òun ló yẹ kí ó gbé e dìde. Fi èyí sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá bá a.

Mo ti ń to àwọn ọ̀rọ̀ yìí lọ́kàn mi láti àná bí mo ṣe ń to aṣọ, èyí tó yẹ kí ó wà lókè àti èyí tó yẹ kí ó wà nísàlẹ̀. Jẹ́ kí n kọ wọ́n sílẹ̀ fún ọ bí wọ́n bá ṣe ń wá sí mi lẹ́nu.

Èkíní, “ọ̀pọ̀”. Ọ̀rọ̀ ọjà ni, ọ̀rọ̀ dáadáa sì ni. Bí o bá rí nǹkan lọ́pọ̀, sọ fún Déjì, sọ fún èmi, sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ tó ń wá irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí o bá ti fi tọrẹ, gbàgbé iye tí o rà á. Ì báà jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún ọ, bí ó bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ sí ọwọ́ àgbà, ẹ̀bùn ni, kì í ṣe ọjà mọ́. Ní Sunday tó kọjá, nígbà tí a jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn ìyá ìjọ yí Màmá Déjì ká, tí wọ́n ń sọ pé, “Mà, ẹ kú kóòtù! Ìyàwó yín ń tọ́jú yín o,” ẹnu rẹ ni mo fetí sí. Mo mọ̀ ọ́ dáadáa. O sì sọ ọ́ lóòótọ́: “Ẹ ò ní gbà á gbọ́, ọ̀pọ̀ ni! Gbàǹjo ni wọ́n ń ṣe, kò tiẹ̀ tó owó kankan!” O rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá ìjọ rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n sì wo ilẹ̀. O rò pé o ń yin ara rẹ pé o gbọ́n lọ́jà. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé ìyá ọkọ rẹ kò tó ẹni tí o lè ra nǹkan gidi fún. Mo mọ̀ pé kò sí ìyẹn nínú rẹ rárá. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ rẹ, ó wà níbẹ̀.

“Pọ́ọ́kú” ńkọ́? Ariwo ni ìyẹn jẹ́. Ẹni tó ń tajà ló ń pa á kí àwọn èèyàn lè yà. Má fi pariwo nínú ilé rẹ.

“Gbàǹjo” ló wúwo jù nínú gbogbo wọn. Ohun tí wọ́n bá ń ta ní gbàǹjo, ó ní ẹni tó fẹ́ kí ó kúrò lọ́rùn òun, ó sì lè jẹ́ pé kò wù ú kí ó tà á rárá. Jẹ́ kí n fi ti ilé yín ṣe àpẹẹrẹ. Ọlọ́run ló fún yín, mo sì ń dúpẹ́ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ kó wọlé, tí ìyá òyìnbó tó wà ní òdìkejì títì gbé kéèkì wá kí yín, mo dúró tì yín. O ní, “A ò tiẹ̀ gbà á gbọ́ pé ilé lè dínwó tó báyìí!” Mo wo ojú obìnrin náà. Òun ra tirẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ epo ń lọ dáadáa, tí ilé wọ́n bí ojú. Àwọn tó kó jáde nínú ilé tí ẹ wọ̀ yẹn, tí báńkì gbà á lọ́wọ́ wọn tà ní gbàǹjo nígbà tí iṣẹ́ epo dẹnu kọlẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ ni wọ́n, ọmọ wọn àti ọmọ rẹ̀ jọ ń gun kẹ̀kẹ́ ni. Ó gbé kéèkì náà sílẹ̀, ó ní ẹ káàbọ̀, ó sì lọ. Ǹjẹ́ ó tún ti wá láti ìgbà náà? Mo kàn bèèrè ni.

“Ẹ̀dínwó” jẹ́ ọmọlúàbí ọ̀rọ̀. Bí o bá ní, “Wọ́n ṣe ẹ̀dínwó fún mi,” o ti yin ẹni tó tà á, o kò sì bú ọjà. Bí ó bá di dandan kí o sọ̀rọ̀ iye owó níwájú àgbàlagbà, mú èyí lò. Tàbí kí o ní, “Agbára wa ká a.” Ìyẹn tún tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

“Yẹpẹrẹ” àti “jákujàku”, kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀ mọ́ owó. Ọkọ̀ tí Dádì rẹ fi owó ńlá rà, tí wọ́n ní kò sírú ẹ̀, kò ha ń kú sórí freeway? Jákujàku ọkọ̀ olówó ńlá ni. Bàtà tí mo mú ní ṣọ́ọ̀bù wa ni mo fi ń lọ síbi iṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan. Má ṣe jẹ́ kí ọmọ rẹ rò pé ohun tí kò wọ́n ni yẹpẹrẹ, má sì ṣe jẹ́ kí ó rò pé ohun tó wọ́n ló dára. Ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí ti ń ṣìnà nìyẹn.

Ó ku ẹyọ kan, òun sì ni mo torí rẹ̀ kọ gbogbo eléyìí: “Kò tó nǹkan.”

Àjọkẹ́, ẹni tó fúnni nìkan ló lè sọ gbólóhùn yẹn. Òun á rẹ ẹ̀bùn sílẹ̀, ìwọ tí o gbà á á gbé e sókè. Òun á ní kò tó nǹkan, ìwọ á kúnlẹ̀, wàá ní, “Ó tó o, Mà! Ó pọ̀ jù! Ẹ ò bá má ṣe wàhálà tó báyìí!” Ó ti rí bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Bí ẹni tó gba ẹ̀bùn bá wá gbà pé lóòótọ́ ni kò tó nǹkan, ilẹ̀ ló já mọ́ ẹni tó fúnni lẹ́sẹ̀ yẹn.

Ó yá, gbọ́ ti àná.

Mo po tíì fún wọn, a jókòó sí tábìlì kíṣìnì. Wọ́n wọ kóòtù náà wá. Bẹ́ẹ̀ ni o, wọ́n wọ̀ ọ́ wá. Wọ́n mu tíì díẹ̀, wọ́n ní, “Ìyá Bímpé, ẹ bá mi bá àwọn ọmọ wa sọ̀rọ̀, kí wọ́n má jẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn pẹ́. Mo fẹ́ máa lọ sílé.”

Mo ní, “Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kóòtù ni. Ọmọdé ni, kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa dún létí.”

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mò ń sọ èdè mìíràn. “Kóòtù wo?”

“Ohun tó sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ẹ bọ́ ọ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí ẹ fi délé.”

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. “Háà! Ooru ló jẹ́ kí n bọ́ ọ! Déjì tan ẹ̀rọ amóoru ọkọ̀ yẹn bíi pé ó fẹ́ yan ẹja. Kóòtù tó ń mú ara mi yá? Èmi tí mo fẹ́ wọ̀ ọ́ sọ̀kalẹ̀ ní Ìkẹjà kí àbúrò mi lè rí i? Ẹ fi kóòtù mi sílẹ̀ o.”

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ara mi fúyẹ́. Mo ní, “Kí wá ló dé, Mà?”

Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí kọ́ọ̀pù tíì náà lórí tábìlì. Wọ́n ní, “Ẹ̀gúsí mi ni.”

Mi ò lóye. Wọ́n ní àwọn àti àbúrò àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ní Abẹ́òkúta ni wọ́n jókòó bó ẹ̀gúsí náà, wọ́n ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sá a, wọ́n tún ṣà á. Nígbà tí ẹrù wúwo jù ní pápá ọkọ̀ òfurufú, ìró méjì ni wọ́n fà yọ sílẹ̀ fún àbúrò wọn kí ẹ̀gúsí lè wọlé. Nígbà tí wọ́n dé ibí, òyìnbó aṣọ́bodè tú àpótí wọn, ó gbóòórùn ẹja gbígbẹ, ó ń ju nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹja lọ. Wọ́n di ẹ̀gúsí mú. Wọ́n ní àwọn ń sọ fún un ní Yorùbá pé, “Ìyàwó mi lóyún, ìyàwó mi lóyún,” títí ó fi rẹ̀ ẹ́, tó ní kí wọ́n máa lọ.

“Mo délé wọn,” wọ́n ní, “mo tú ẹrù. Mo kó ẹ̀gúsí sílẹ̀, mo kó ọṣẹ dúdú, òrí àti kànìnkànìn tí mo fẹ́ fi wẹ ọmọ. Mo ní, ‘Ìyàwó mi, má bínú, kò tó nǹkan.’ Bímpé wò ó, ó ní, ‘Áà, Mọ́mì, ẹ ò bá má yọ ara yín lẹ́nu. Gbogbo ẹ̀ ló wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa ní Bissonnet. Ọ̀pọ̀ ni níbẹ̀!’ Ó gbé e sórí fìríìjì. Ní Sátidé tó kọjá, ó se ẹ̀gúsí. Ti inú ọ̀rá tó rà ní ṣọ́ọ̀bù ló sè.”

Mo ní, “Yéè.”

“Mo jẹ ẹ́. Ó dùn, mi ò ní parọ́. Ọmọ yín mọ ọbẹ̀ sè. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ ni mò ń ro ó: ẹ̀gúsí wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọṣẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù, kànìnkànìn wà ní ṣọ́ọ̀bù, lọ́pọ̀. Ó dájú pé ẹni tó ń wẹ ọmọ náà á wà níbẹ̀, ká kàn lọ mú un. Kí ni mo wá ń ṣe?” Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ti àkọ́kọ́. “Inú ò bí mi sí i, Ìyá Bímpé. Mo kàn fẹ́ máa lọ ni.”

Bímpé, ìbá sàn fún mi kí inú bí wọn. Ẹni tí inú ń bí, a lè bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá rò pé òun ò wúlò ńkọ́? Kí ni a fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́?

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó rìnrìn àjò tó rẹ̀ lo rí níwájú rẹ, o fẹ́ kí ó sinmi, o sì fẹ́ fi yé e pé a kò jìyà ní Amẹ́ríkà, pé ohun gbogbo wà. Inú rere ni. Inú rere ni Darlene náà ní sí ajá rẹ̀.

Nígbà tí mo bí ọ, èmi pẹ̀lú ìyá Dádì rẹ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ara wa yé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n tẹ́ ẹsẹ̀ wọn méjèèjì, tí wọ́n gbé ọ lé e, tí wọ́n ń fi omi gbígbóná na ọ́ lóríkèé àti lórúnkún, tí o ń ké, tí wọ́n ń kì ọ́, “Àjọkẹ́, Àjọkẹ́,” ni mo tó mọ̀ pé o kì í ṣe ọmọ èmi nìkan. Ọwọ́ wọn ló fún ọ lórúkọ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Èmi náà lè wẹ ọmọ rẹ, tí ọ̀gá mi bá fún mi láyè, inú mi á sì dùn. Ṣùgbọ́n oríkì tí wọ́n mọ̀ ní ilé Déjì, èmi ò mọ̀ ọ́n. Kò sì sí ní Bissonnet.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí, má sì fi kún un.

Má ṣe sọ fún wọn pé mo sọ fún ọ. Má ṣe jókòó tì wọ́n kí o máa ṣàlàyé pé ohun tí o ní lọ́kàn kọ́ nìyẹn. Àlàyé á jẹ́ kí ojú tì wọ́n ni. Jọ̀wọ́, má sì sáré lọ sí mall lọ ra nǹkan olówó gọbọi wá pé o fi ń ṣe ìtánràn. Mo mọ̀ ọ́, ó ti ń wá sí ọ lọ́kàn. Ohun tó wọ́n kò lè tún eléyìí ṣe ju ohun tí kò wọ́n lọ.

Déjì máa yà gba lẹ́tà yìí lọ́wọ́ mi ní àárọ̀ ọ̀la. Nígbà tí o bá ti ibi iṣẹ́ dé ní Friday, ní kí Déjì gbé ẹ̀gúsí yẹn sọ̀kalẹ̀ lórí fìríìjì. Ìwọ má nawọ́ sókè o, má sì gun àga! Gbé e lọ bá Màmá níbi tí wọ́n bá jókòó sí. Sọ fún wọn pé, “Mọ́mì, ti inú ọ̀rá yẹn kò dà bí èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sè é bí wọ́n ṣe ń sè é nílé yín, kí n máa wò yín.” Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́, nítorí pé o kò tíì tọ́ ọ wò. Gbé àga ti ìdí sítóòfù, gbé ẹsẹ̀ rẹ lé òmíràn, kí o máa wo ọwọ́ wọn. Bí wọ́n bá rán ọ níṣẹ́, jẹ́. Bí wọ́n bá ní iyọ̀ rẹ ti pọ̀ jù, gbà.

Nígbà tí ọbẹ̀ bá délẹ̀, wọ́n á ní kò tó nǹkan. Dájúdájú ni wọ́n á sọ ọ́, a kò lè bu oúnjẹ fúnni kí a má sọ ọ́. Má sọ pé ọ̀pọ̀ ni, má sọ pé ó wọ́n, má sọ̀rọ̀ ọjà kankan rárá. Jẹ ẹ́ tán. Kí o wá fi ọwọ́ méjèèjì na àwo rẹ sí wọn, kí wọ́n bù sí i.

Tí Sátidé bá mọ́, tí Déjì sì ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ láti lọ yí tíkẹ́ẹ̀tì, bóyá wọ́n á rán an ní nǹkan mìíràn. Bóyá òrí ló máa kù tí wọ́n á ní kò tó fún ọmọ. Jẹ́ kí ó lọ rà á ní Bissonnet, kí ìwọ sì pa ẹnu rẹ mọ́ lórí iye rẹ̀.

Sọ fún mi bí ẹsẹ̀ rẹ bá tún wú.

Èmi ni, ìyá rẹ tí kò ní sùn títí fóònù á fi dún.

Ó kù díẹ̀: Fìlà ọmọ kan wà nínú àpòòwé yìí. Má bi mí níbi tí mo ti rà á o. Kò tó nǹkan.